Ìwé Èrè Tó Wà Láyà Ìyàwó Mi

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ oṣù, mo ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún mi ní èrè, àmọ́ kí èrè ọ̀hún tó dé ọwọ́ mi, wọn á ti yọ owó orí nínú rẹ̀, wọn á sì fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn ti yọ ọ́. Ìyàwó mi ló ń bá mi tọ́jú ìwé náà sínú àpò Bíbélì rẹ̀, èyí tó ní síìpù. Á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìwé ilẹ̀ di iṣu sísun lọ sóko kókó! Ẹ gbé e wá jàre."

Ó kú nígbà òjò. Ní Ago Alaye tí a sin ín sí, èmi fúnra mi ni mo gbé Bíbélì yẹn pẹ̀lú àpò rẹ̀ lé e láyà kí wọ́n tó kan pósí. Ẹkún kò jẹ́ kí n rántí síìpù.

Ó wá di ọjọ́ tí mo lọ ṣírò owó orí mi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ore. Wọ́n ro owó ṣọ́ọ̀bù tí mo fi háyà àti èrè ọdún náà pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣírò rẹ̀ ní, "Bàbá, èyí tí wọ́n ti yọ lára èrè yín, a máa yọ ọ́ nínú èyí tẹ́ ẹ máa san. Ẹ ṣáà mú ìwé rẹ̀ wá. Láìsí ìwé, ẹ máa san gbogbo rẹ̀ ni o."

Mo sọ ibi tí ìwé náà wà fún àkọ́bí mi obìnrin, tó sìn mí lọ.

Ó ní ilé-iṣẹ́ á fún wa ní òmíràn bí a bá ti gba ìwé ìbúra ní kóòtù. A lọ. Akọ̀wé kóòtù tẹ̀ ẹ́ pé ìwé mi sọnù, pé n kò mọ ibi tó wà. Ó ní kí n búra.

"Mo mọ ibi tó wà," ni mo wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!" ni ọmọ mi fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ. "Gbogbo ayé ló ń búra bẹ́ẹ̀. Àbí ká lọ hú Màámi ni?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé wò wá títí. Ó fa ìwé náà ya. "Ó dáa, Bàbá, ká kọ òótọ́: ó wà nínú pósí olóògbé. Kí lorúkọ olóògbé?"

Orúkọ ọmọ wa ni mo fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti bímọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣòro lẹ́nu mi. Mo pè é. Akọ̀wé ò gbọ́ ọ, mo tún un pè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi "olóògbé" síwájú rẹ̀.

Mo búra. Ilé-iṣẹ́ fi ìwé tuntun ránṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí sì yọ owó náà fún mi bí wọ́n ti wí. Inú ọmọ mi dùn. Èmi ti pe ìyàwó mi ní òkú níwájú àjèjì, mo sì fọwọ́ sí i.