Òkú Èkó Dé sí Tudun Wada

Wọn ò tíì bí mi tí ìyá mi ti ń ta ẹja yìnyín ní Tudun Wada, ní Jos. "Òkú Èkó" ni òun àtàwọn ará Èkìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé láti Èkó ló ti ń wá, gan-gan bí igi. Ọkọ mi ń kọ́? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Jos níbẹ̀ ni, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Kifi, bí Hausa ṣe ń pe ẹja, ló mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi pe ọkọ mi lórí fóònù: "Òkú Èkó ti dé o. Ọmọ pínníṣín ni, ó ká mi lára. Tètè wá bá mi gbé e."

Pákó ni ọkọ mi ń tà ní Katako, ọjà pákó. Èmi àti màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó já wọlé pẹ̀lú kaftáànì dúdú, pákó pósí kúkúrú mẹ́rin léjìká, omijé lójú. "Sai hakuri, ẹ fara dà á, Màmá. Ọmọ náà dà?"

Màmá nawọ́ sí páálí ẹja kòtè. Yéè! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi wo ẹja, ó wo pákó rẹ̀. "Kai, Màmá!" Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹja kan, kò ju ìka rẹ̀ lọ. "Tẹ́lẹ̀, kòtè kan á kún àwo. Àwọn apẹja ti kó ìyá, wọ́n ti kó bàbá, wọ́n tún ń fi àwọ̀n gbá èyí tí kò tíì bímọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mi ò tà á. Ẹ dá a padà."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹja nìkan lòwò tó mọ̀, oníbàárà kì í sì í dúró de fíríìsà òfìfo. Mo bínú gan-an. "Màmá, tẹ́ ò bá tà á, ẹlẹ́ja tó wà ní òdìkejì á tà á!"

"Kó máa tà á. Kò ní í jẹ́ láti ọwọ́ tèmi."

Ọkọ mi gbé páálí náà padà. Kò pẹ́ tí oníbàárà wa àtijọ́, tíṣà kan láti Bauchi Road, fi wá ṣí fíríìsà. "Màmá, ẹja dà?"

"Ó wà lókun," màmá fẹ̀rín dáhùn. "Ó ń dàgbà."

Obìnrin náà sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ìgbà tó máa jáde, ẹyin ló rà, kò fọwọ́ kan kòtè wọn. Ó gbé e sókè, ó fi han ìyá mi.