Bàbá Etí àti Igbe Bẹ́líìtì

Bí ẹ bá ń wá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Bàbá Etí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iná mọ́tò ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi sì dojú kọ tirẹ̀ gan-an, títì kékeré kan ló là wá láàárín. Látọjọ́ tí mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì níbẹ̀, n kò rí i kó fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo mọ́tò rí. Bí iná pupa tó ní àwòrán bátìrì bá tàn nínú mọ́tò, táwọn yòókù ń tú wáyà kiri, òun á ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, á dijú, á dẹtí sí ẹ́ńjìnì, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá ṣe wí náà ló máa ń rí. Á wá fa etí ara rẹ̀ fún oníbàárà, á ní, "Mítà tèmi nìyí. Kì í lo bátìrì."

Ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni pé etí ọ̀hún ti ń di. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi, ó sì kìlọ̀ pé kí n má sọ síta. Ó ní tẹlifíṣọ̀n àwọn ń pariwo débi pé ará ilé kejì ń gbá ògiri, àti pé àfi kóun fọwọ́ kan ọkọ òun kó tó mọ̀ pé òun ń bá a sọ̀rọ̀. "Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní ta ló máa gbé mọ́tò wá fún Bàbá Etí tí kò gbọ́ràn? Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Mo gbẹ́nu dákẹ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lóòótọ́, kì í dẹtí sí ẹ́ńjìnì mọ́. Ọwọ́ ló ń gbé lé e, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ òun gbóná.

Òun àti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà mọṣẹ́ dójú àmì, ó sì ní mítà, àmọ́ inú báàgì ló ń fi pa mọ́ sí. Bí bàbá rẹ̀ bá ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Afọ́jú ló ń lo ọ̀pá." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á dá mítà padà sínú báàgì. Èmi ni inú máa ń bí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, agbẹ̀bí àdúgbò wa gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Iná pupa ti tàn láti àná, aláboyún kan sì ń rọbí níbi tó jìnnà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò náà á gbé òun débẹ̀. Bó ṣe tan iná iwájú báyìí ni bẹ́líìtì han gooro. Mo gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì mi, bẹ́ẹ̀ máṣíìnì mi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta yíjú wò. Ẹni tó bá mọ̀ díẹ̀ nípa mọ́tò mọ ohun tí igbe yẹn ń wí: bẹ́líìtì tó ń yí ọ̀tánétọ̀ ti dẹ̀, ó ti ń gbó lọ, ọ̀tánétọ̀ kò sì lè fún bátìrì níná dáadáa mọ́.

Bàbá Etí gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnì, ó dijú, ó mi orí. "Bátìrì ló kú."

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè. Ó lanu, ó wo agbẹ̀bí, ó wo bàbá rẹ̀. Ta ló máa já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú oníbàárà? Ó kàn rọra ní, "Bàbá, ṣé kí n wo bẹ́líìtì?" Bàbá rẹ̀ kò dáhùn. Ó ti ń tú bátìrì.

Wọ́n fi tuntun sí i, iná pupa kú, agbẹ̀bí sì gbéra. Kò lọ jìnnà tí òjò fi dé. Ó tan iná, ó tan ohun tó ń nu gíláàsì, bẹ́líìtì tún han, ó sì já. Ẹ́ńjìnì gbóná kọjá ààlà, mọ́tò sì dúró sáàárín òjò. Ẹsẹ̀ ni agbẹ̀bí fi rin ìyókù ọ̀nà. Kó tó débẹ̀, ọmọ ti wáyé lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ̀jẹ̀ sì ti dà púpọ̀ lára ìyá rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àwọn méjèèjì yè é.

Lọ́sàn-án agbẹ̀bí padà wá, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù, bẹ́líìtì tó já wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo sọ fún yín láàárọ̀ pé nǹkan kan ń han. Ẹ̀yìn yín ni mo dúró sí tí mo fi sọ ọ́. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Bàbá Etí ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gba bẹ́líìtì, ó yí i lọ yí i bọ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà gbọ́ ọ?" Ọmọ wolẹ̀. Bàbá Etí bá wo òdìkejì títì, ó wò mí. Èmi náà wo aṣọ ọwọ́ mi. Ojú tì mí, ojú sì tún tì mí fún un.

Ó jókòó lórí táyà, ó ṣí fìlà. "Etí mi ti di," ló wí. "Ó ti pẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo títì ló gbọ́ igbe yìí, àfi èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Agbẹ̀bí kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan gbé mọ́tò dé, iná pupa kan náà. Ó ní kí Bàbá Etí bá òun gbọ́ ọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró ti ẹ́ńjìnì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ yọ mítà, ó fi kan orí bátìrì.

"Kí ló wí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ̀ tẹ orí sún mọ́ ọn. Ọmọ tún un sọ. Nígbà tó yá, ó ní láti fi gbogbo agbára pariwo: "Ó ní ọ̀tánétọ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, Bàbá!" Gbogbo títì yíjú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bàbá Etí mi orí. Ó sọ fún oníbàárà pé, "Ọmọ mi ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ látòní lọ," ó sì kọ ẹ̀yìn, ó lọ ń to irinṣẹ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Etí," ni ọkùnrin náà wí.

Kò gbọ́ ọ.