Ọmọ́lẹ́yẹ Lọ Fojú Ara Rẹ̀ Wo Odò Fólítà

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ọmọ́lẹ́yẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfọ̀n, wọ́n gbé e lọ sí Isuada, ó sì fẹ̀yìn tì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú Ọ̀wọ̀. Bó bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò ní wo ìwé mọ́. Yóò fa etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà yí pátákó ká láìgbé ọwọ́ sókè, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn odò sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fẹ́ràn jù ni odò Fólítà tó wà ní Gánà. Ṣọ́ọ̀kì búlúù ló máa ń fi kun adágún ńlá tó wà lẹ́yìn ìsédò Akosombo, a sì máa sọ fún àwọn ọmọ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, pé wọ́n dí odò lọ́nà ni omi fi padà sẹ́yìn, tó bo oko, tó bo abúlé, tó fi di òkun kékeré láàárín ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ibtisam, ọmọ Abdulfatai télọ̀ tó wà ní àárín ìlú, na ọwọ́ sókè ní kíláàsì.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

Ọmọ́lẹ́yẹ ní rárá. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí i láyà bí eegun ẹja. Ó ní ọmọ láti tọ́ nígbà náà, ó ní ọkọ, ó ní iṣẹ́. Ogún ọdún kọjá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọmọ́báyọ̀, di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ignatius ọkọ rẹ̀ kú. Ìjọba ní kó lọ sinmi. Ó sinmi fún oṣù mẹ́ta, ìsinmi náà sì sú u pátápátá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó gun ọ̀kadà lọ sí ìsọ̀ Ibtisam.

Ibtisam ti di oníṣòwò gidi báyìí. Kùtọnu àti Lomé ló ti ń ra bàtà àti báàgì tó ń tà, kò sì sí ẹnubodè kan lọ́nà ibẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Bó ṣe rí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ mà, Tíṣà mi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Gánà ni mò ń lọ."

"Gánà! Pẹ̀lú ta ni, mà?"

"Pẹ̀lú ara mi. Mo ti lọ bá àwọn tó máa ń kó èèyàn rin ìrìn àjò. Wọ́n ní etí òkun àti ilé ìtajà ńlá ni àwọn máa gbé wa lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ilé ìtajà ṣe lọ́jọ́ orí mi yìí? Odò ni mo fẹ́ rí."

Ibtisam pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó pariwo orúkọ Ọlọ́run, ó fa àga síta. Láti ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ di olùkọ́, olùkọ́ wá di ọmọ iléèwé.

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ibtisam ní kó má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá òun gba pásípọ́ọ̀tì, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́, kó sì ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lórí ìwé náà kó tó kúrò níwájú wọn. "Àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo, mà, ẹnubodè lẹ ti máa rí i." Lẹ́yìn èyí, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ó ní kó lọ gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba, kó gba káàdì rẹ̀ níbẹ̀, kó sì jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́wàá lára rẹ̀ kó tó dé bodè, torí pé káàdì tí wọ́n bá tà fún èèyàn lójú títì kò lè gbà á lọ́wọ́ ibà. Ọmọ́lẹ́yẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ, ó sì ń fa ìlà sábẹ́ èyí tó bá ká a lára.

Ọjọ́ tó gbé àpótí rẹ̀ wá ni ẹ̀rín pa gbogbo ìsọ̀. Àpótí náà ga dé ìbàdí rẹ̀. Bàtà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gàrí, ẹ̀wù òtútù, àti páànù kékeré.

"Ẹ gbé e, mà," ni Ibtisam wí. "Ẹ gbé e yí ilé yìí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ̀?"

"Ẹ kàn gbé e."

Ní ìyípo kejì, Ọmọ́lẹ́yẹ ti ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó lé e lórí.

"Ẹrù tí èèyàn kò lè dá gbé, ti ẹlòmíràn ni," Ibtisam wí, ó sì nawọ́ mú báàgì àgbékọ́yìn kan lórí pẹpẹ. "Èyí nìkan. Kò gbọdọ̀ kúrò lára yín. Ẹ má tì í sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù rẹ̀, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ojúmọ́ máa bá yín dé gbogbo ibi tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì ti mọ ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó kúrò ní ibi tí ẹ ti jí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ní gbogbo bodè, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde, kí wọ́n tún lù ú nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ fi sílẹ̀, ẹ má gbà."

Aládùúgbò Ọmọ́lẹ́yẹ kan gbọ́ pé yóò gba Benin kọjá, ó ní, "Ṣé Benin ọ̀nà Ìfọ̀n yìí náà lẹ ń dágbére fún bí ẹni tó ń lọ òkè òkun?" Ọmọ́lẹ́yẹ ní Benin mìíràn ni, orílẹ̀-èdè tí Kùtọnu wà, ó sì fi igi ya máàpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un.

Ti Ọmọ́báyọ̀ ló le. Ó wakọ̀ wá láti Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ le koko.

"Màmá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó máa tẹ̀lé yín."

Ọmọ́lẹ́yẹ kò bá a jà. Ó na ìwé kan sí i. Gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò náà ló wà níbẹ̀: ibi tí yóò ti wọkọ̀, ilé tí yóò sùn sí, nọ́ńbà wọn, àti wákàtí tí yóò máa pè é. Ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tì àti káàdì rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọ́báyọ̀ kà á, ó tún un kà. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ti múra ju àwọn ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì lọ."

Lópin oṣù kọkànlá, ó kúrò ní Ọ̀wọ̀, ó sùn l'Ékòó, ó sì wọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Akra ní ìdájí. Ojú fèrèsé ló jókòó sí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra ẹ̀wù ọdún fún. Ní bodè Sẹ̀mẹ̀, gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún wọn. Wọ́n la Kùtọnu kọjá. Obìnrin tó jókòó tì í, Ṣẹ̀fíátù, ará Ṣàgámù tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀, bá a jẹ ọsàn, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ kí wọ́n tó dé bodè Tógò.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Awakọ̀ dìde, ó ní àkókò ti lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n ní òǹtẹ̀. Àwọn èrò mí kanlẹ̀, wọ́n padà sídìí oorun wọn. Ọmọ́lẹ́yẹ dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, èmi máa sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mi ò ní dúró dè yín o, Màmá!"

"Ẹ bá mi ṣe sùúrù."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́yìn, ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde fún un ní apá kan, ó rìn kọjá, wọ́n lu ti ìwọlé fún un ní apá kejì. Ó yíjú wo ojú títì. Bọ́ọ̀sì ti lọ.

Ó dúró gbagidi láàárín ariwo, èdè Faransé níwájú, èdè tí kò mọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé gbogbo nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀: ìwé, owó, oògùn, fóònù. Kí ló wá kù nínú bọ́ọ̀sì náà? Èèpo ọsàn! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ìdùnnú tí kò mọ orísun rẹ̀ sì gba gbogbo ara rẹ̀. Ó ti dá wà lẹ́yìn odi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin.

Obìnrin arúgbó kan ń ta nǹkan mímu lábẹ́ agboòrùn. Ọmọ́lẹ́yẹ nawọ́ sí ìgò kan. "Omi," ni obìnrin náà wí. Ọmọ́lẹ́yẹ fẹjú. Omi! Ó bi í léèrè, wọ́n fi ọwọ́ àti ẹnu ṣàlàyé fún ara wọn, ó sì wá yé e pé Atakpamé ni obìnrin náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Ifẹ̀ tó bá Yorùbá tan. Bó bá rọra sọ ọ́, Ọmọ́lẹ́yẹ a gbọ́ díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ìbátan láti yàrá kejì. Obìnrin yìí ló fi takisí elérò tó ń lọ sí Lomé hàn án, òun ló sì bá a dúnàádúrà owó ọkọ̀.

Ẹ wo ojú ọ̀nà náà! Òkun wà lọ́wọ́ òsì, funfun lẹ́sẹ̀, búlúù lókè, àwọn igi àgbọn sì ń sá kọjá. "Àríwá lọ́tùn-ún, gúúsù lósì," ni Ọmọ́lẹ́yẹ ń sọ fún ara rẹ̀, bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀.

Nígbà tó dé bodè Gánà lẹ́yìn Lomé, bọ́ọ̀sì ńlá náà ló kọ́kọ́ rí. Àwọn èrò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, ojú wọn ti rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ti bi wọ́n pé ibo ni òǹtẹ̀ tí wọ́n fi wọ Tógò. Awakọ̀ rí Ọmọ́lẹ́yẹ, ó sì dorí kodò. Ọmọ́lẹ́yẹ kò bú u. Ṣẹ̀fíátù ló sáré wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ká ṣe?"

"Ẹ padà lọ síbi tí ẹ ti wọlé, kí ẹ lọ sọ òtítọ́ fún wọn. Kò jìnnà, takisí wà. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ẹ jọ lọ." Ó fa ojú ewé kan ya nínú ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. "Tí ẹ bá dé Akra, ẹ pè mí."

Ṣẹ̀fíátù lọ, ó sì pè ní ọjọ́ kejì láti ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n bá a wí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹta ni Ọmọ́lẹ́yẹ dé Akosombo. Ó gun òkè tó kọjú sí ìsédò náà, ó dúró. Odi òkúta náà dì mọ́ àárín òkè méjì, omi sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Ó háyà ọkọ̀ ojú omi, ó bèèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ó wọ̀ ọ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Atukọ̀ náà, bàbá kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí ojú omi.

"Abúlé àwọn bàbá mi wà nísàlẹ̀ ibí yìí."

Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ́lẹ́yẹ máa ń sọ kíákíá ní kíláàsì kí agogo tó lù nìyí, ọmọ àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ló sì ń wa ọkọ̀ fún un. Ọmọ́lẹ́yẹ ki ọwọ́ bọ omi, ó fi bojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, atukọ̀ fi apá adágún tó yà sí ìwọ̀-oòrùn hàn án, ó gùn, ó gbòòrò. Ọmọ́lẹ́yẹ gbá orí mú.

"Yé! Kékeré ni mo máa ń ya eléyìí! Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá náà kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó padà sí Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, òǹtẹ̀ rẹ̀ pé, báàgì rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dá ní ilé rẹ̀ láti ìgbà náà, bí ẹni tó fẹ́ lọ wo ọmọ ní Abidjan ṣe ń wá bèèrè ọ̀nà ni ẹni tó fẹ́ lọ sí Dakar ń wá. Òun pẹ̀lú Ṣẹ̀fíátù sì ti ń múra báyìí láti lọ sí Gínì, níbi tí odò Ọya ti ṣẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jiyàn lórí fóònù. Ṣẹ̀fíátù ní oṣù kẹjọ ni kí àwọn lọ.

"Òjò ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ máa gbé ìwọ àti báàgì rẹ lọ ni," Ọmọ́lẹ́yẹ dá a lóhùn. "Oṣù kejìlá. Ṣé o ti lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ?"