Worówó àti Orúkọ Olè Ẹja

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ tábìlì kọjá láì bẹ̀rẹ̀, ní Erinje níbí, ẹ̀fọ́ kan wà tó máa ń dẹ́rù bà mí ju pàṣán lọ. Worówó ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Iyè ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyé àgbà, ti ń ra nígbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì lè máa wá ṣíbí kiri nígbà tí ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ra ẹja àrọ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ obìnrin ará odò kan, ó gbé e sórí àjà ìdáná. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Pupuru àná ni mo fi jẹ ẹ́, torí-tìrù. Bí mo ti ń nu ẹnu, mo gbójú sókè, Ìyé àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Igbe rẹ̀ ni ìyá mi gbọ́ tó fi to àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú rẹ̀. Ó wò wá títí. Ó ní, "Mo rí i, ó wà nínú wọn. Àmọ́ imú kan náà ni gbogbo wọn ní. Orúkọ rẹ̀ ni kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ fún mi láyè, n óò rántí."

Ni ìyá mi bá ní worówó ló ń sọ iyè jí. Ó kọjú sí mi: "Ìwọ lo mọ ọ̀nà oko kòkó. Lọ já a wá."

Ẹ gbọ́ ọ̀ràn! Èmi olè ni wọ́n rán lọ já ewé tí yóò tú mi fó. Mo bá já àmùnútutù lẹ́yìn ilé, torí pé ewé méjèèjì jọra lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Mo gé e wẹ́wẹ́ kí n tó gbé e wọlé, ìyá mi sì ń yìn mí pé mo mọṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyé àgbà a tọ́ ọ wò, a ní, "Worówó yìí kò ta sánsán."

Ìyá mi a ní, "Ẹnu yín ni, Ìyé."

Èmi a máa wo ilẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ta ni ọ́?"

Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú! Ó dá mi lójú pé àmùnútutù mi ló pa orúkọ mi nínú rẹ̀. Mo sáré dé oko kòkó, mo já worówó gidi kún agbọ̀n, èèrùn ń ta mí lẹ́sẹ̀, n kò bìkítà. Nígbà tó ń jẹ ẹ́, mo jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Ó gbé àwo kalẹ̀. Ó pe orúkọ mi, ó pe oríkì mi tẹ̀ lé e, ó wá fi kún un pé, "Olè ẹja."

Ìyá mi nà mí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sunkún, ló bá tún fi méjì kún un. Ẹ̀fọ́ náà kò kúkú wò ó sàn o. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló tún fi ń pè mí. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, n kò já àmùnútutù fún un mọ́.

Ayé ti yí. Ọ̀pẹ ti gba ilẹ̀ kòkó, worówó sì ti di ohun tí à ń wá lọ sí ọjà Àyèká. Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì kà á fún mi lórí fóònù pé àwọn ewé jíjẹ kan lè máa dáàbò bo iṣan ọpọlọ. Ó ní, "Wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀ o, Bàbá." Èmi tí n kò ka ìwé mẹ́fà tán, kí ni mo mọ̀ nípa iṣan? Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ tèmi náà ti ń gbọ̀n, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí náà àwo méjì ni mò ń jẹ.

Lánàá, mo rán ọmọ-ọmọ mi lọ ra worówó. Ó ti gé e wẹ́wẹ́ kó tó gbé e wọlé. Nígbà tí wọ́n sè é tán, mo tọ́ ọ wò. Kò ta sánsán. Mo gbójú sókè, ọmọ ń wo ilẹ̀.

Láti àná ni mo ti ń rò ó: kí ni ọmọ yìí jẹ nínú ilé yìí tí kò fẹ́ kí n rántí?