Ẹmu Tí Mo Fún Àfẹ́sọ́nà Ọmọ Mi

Ẹ gbà mí o, inú ilé ara mi ni mo ti sá wọ yàrá òkè.

Minh, ọmọ Vietnam tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, wá kí wa ní Balbriggan, ní Ireland níbí, lónìí. Nígbà tó jẹun tán, tí ìyàwó mi jáde, mo yára bu ẹmu fún un nínú ìgò tí mo rà ní ọjà Moore Street ní Dublin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún tán. Kíá, ojú rẹ̀ pọ́n bí tàtàṣé. Mo fò dìde.

"Dádì, ẹ má fòyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Éṣíà ni ọtí kì í bá lára mu. Wọ́n bí i mọ́ wa ni."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Àgbà ló bù ú fún mi, sà."

Ẹnu rẹ̀ la wà tí ìyàwó mi mú pásítọ̀ wa wọlé.

Pásítọ̀ wò ó títí. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé ọtí lo mu?"

Minh wojú mi. "Ata ọbẹ̀ ni, sà."

Ìyàwó mi ta gìrì. "Ọbẹ̀ tí mi ò fi ata kankan sí nítorí tìẹ?"

Ìyàwó mi ti ní òun ò ní fọmọ fún òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀ bí mo bá jẹ́wọ́, èmi díákónì tó ń wàásù pé ọtí ò dáa ti tẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ń pè mí nísàlẹ̀ báyìí. Ìgò ẹmu náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó lé.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí n sọ fún wọn?