Ariwo Kékeré Inú Íápíìsì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé fóònù mi ló ń kùn. Inú ọ́fíìsì ni mo wà, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mo fi íápíìsì sí etí méjèèjì, mo ń gbọ́ orin ìyìn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dùùrù nìkan. Nígbà tí dùùrù náà dákẹ́ díẹ̀ kí olórin tó la ẹnu, mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀: hùùùn, tẹ́ẹ́rẹ́, bí fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kejì. Apá òsì ló ti ń wá. Mo yọ íápíìsì náà, mo wò ó, mo fi aṣọ nù ún, mo tún fi í sétí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá sì yọ ọ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ wa bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, mi ò lè sọ bóyá ó dákẹ́ tàbí kò dákẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ fi lè kó jìnnìjìnnì bá àgbàlagbà bíi tèmi. Etí ìyá mi di. Kì í ṣe láti kékeré. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní abúlé wa ní ilẹ̀ Okun, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé kí a sáré kó aṣọ wọlé, pé àwọn ń gbọ́ òjò. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, eruku ọyẹ́ wà lórí gbogbo nǹkan. Àwa ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni olórí ẹlẹ́yà, èmi ni mo máa ń sáré jáde tí mà á na ọwọ́ síta bí ẹni tó ń gbe òjò, kí àwọn àbúrò mi lè rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú. Kò pé ọdún mẹ́ta sígbà náà tí ó fi jẹ́ pé iwájú wọn lèèyàn gbọ́dọ̀ dúró kó tó pariwo sí wọn. Àwọn aládùúgbò pariwo títí ó fi sú wọn. Nígbà tó sú wọn, wọn ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe dídi etí náà. Ẹ̀rín ìyá mi ni. Wọ́n á jókòó láàárín èèyàn, wọ́n á máa wo ẹnu gbogbo wa, tí a bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiwọn á gbẹ̀yìn díẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ hùùùn yẹn nínú ọ́fíìsì, ó ku oṣù méje kí n pé ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Nítorí náà, mo pinnu pé fóònù ni.

Mo lọ sí ọjà tí wọ́n ti ń ta fóònù, mo ra íápíìsì tuntun. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni. "Oga, this one na original, you go hear even mosquito." Mo dán an wò láàárín ariwo ọjà, mo sì gbà pé ó dára, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbà náà nìyẹn. Ọjọ́ kejì, nínú ọ́fíìsì, hùùùn. Mo ra òmíràn. Mo pààrọ̀ fóònù fúnra rẹ̀. Hùùùn náà bá mi dé inú fóònù tuntun bí ẹni tó kó ẹrù tẹ̀lé mi.

Báyìí ni mo ṣe di ọ̀mọ̀wé ohùn tipátipá. Mo ka gbogbo ohun tí mo lè rí kà. Mo kọ́ pé orin tí ogún èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù kí ó tó kàn ọ́ ti rù kan egungun, kò sí íápíìsì tó lè fún un lẹ́ran mọ́. Mo kọ́ pé àwọn rọ́bà kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí, èyí tí gbogbo èèyàn ń jù nù, àwọn ló ń pinnu bóyá báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, á dúró sínú etí tàbí á jò dànù. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọn ìdọ̀tí kúrò lójú ihò íápíìsì. Mo tún kọ́ pé níbi tí fóònù ti ń jẹ́ kí a tún ohùn ṣe, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dín èyí tó pọ̀ jù kù ni. Kì í gbé gbogbo rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń da ata sí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Àwọn tó ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè yẹn máa ń bí mi nínú títí dòní, mi ò sì ní tọrọ àforíjì.

Kò pẹ́ tí òkìkí fi kàn ní ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n sọ mí ní Dókítà Íápíìsì. Tí ó bá di aago kan ọ̀sán, wàá rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn tí kì í tètè dìde fún fáìlì, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Akọ̀wé ọ̀gá wa pàápàá wá. Mà á gba fóònù wọn, mà á fi íápíìsì wọn sí etí, mà á di ojú, mà á tún èyí ṣe, mà á dín tọ̀hún kù, mà á dá a padà. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á pariwo: "Kai! Ṣé bí orin yìí ṣe rí nìyí?" Inú wọn á dùn. Kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí pé etí ọ̀tún nìkan ni mo fi ń dá ẹjọ́ wọn. Ti òsì kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà ni, nítorí hùùùn ti ń ga sí i, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló fẹ́ tú àṣírí mi. Ọmọbìnrin Èkìtì kan wà ní ọ́fíìsì kejì sí tiwa, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí táìlì ìjọba ni. Àárọ̀ mẹ́ta ló kúnlẹ̀ kí mi ní apá òsì mi nínú ọ̀nà àárín ọ́fíìsì, mo sì kọjá lọ. Ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí láàárín tiwa. Kí ọmọ kúnlẹ̀, kí àgbà má dáhùn, ó dà bí ìgbà tí ó tutọ́ sí i lára. Ó ti lọ sọ fún àwọn tó kù pé ẹ̀gbọ́n ti ń gbéraga, pé bóyá wọ́n fẹ́ sọ mí di igbákejì ọ̀gá ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo lọ bá a, mo na ìka sí íápíìsì tó wà létí mi.

"Àbúrò mi, má bínú. Orin ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ẹ rárá."

"Ah, ẹ̀gbọ́n! Mo tiẹ̀ ti ń bínú. Ẹ dín fọ́lúùmù yẹn kù o, sà, kó má ba etí yín jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi íápíìsì sí etí òsì láti ilé wa ní Durumi, nínú Abuja, títí dé ọ́fíìsì, láti ọ́fíìsì títí padà délé. Kò sí orin kankan nínú rẹ̀. Bí mi ò bá dá èèyàn lóhùn, wọ́n á wo wáyà náà, wọ́n á dárí jì mí. Mo ti rí ibi tí mà á sá pamọ́ sí, ojú sì ń tì mí pé ó tù mí lára.

Nígbà tó ku ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo lè fi dá íápíìsì lẹ́bi, mo lọ sí Bwari. Ará ìlú wa kan ló ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn fún ìjọ kan níbẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Okun la ti mọra. Mo kó íápíìsì mẹ́rin àti fóònù méjì sínú nylon, mo lọ bá a nínú ìjọ náà lọ́sàn-án Sátidé, níbi tó ti ń ká wáyà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú dídì.

"Mi ò gbọ́ ariwo kankan, ẹ̀gbọ́n."

"Tún un gbọ́. Apá òsì."

Ó tún un gbọ́. Ó yọ ọ́, ó wò mí pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó rọrùn láti mọ̀. Ẹ mú ti ọ̀tún, ẹ fi sí etí òsì. Ẹ mú ti òsì, ẹ fi sí ọ̀tún. Tí ariwo yẹn bá bá íápíìsì lọ sí apá ọ̀tún, íápíìsì ló bàjẹ́. Tí kò bá kúrò ní òsì…" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀. "Ẹ ṣe é báyìí, kí á jọ mọ̀ ọ́n."

Mo ní mò ń kánjú. Mo ní ìyàwó mi ń dúró dè mí. Irọ́ ni, ìyàwó mi wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Mo gbé nylon mi, mo wọ ọkọ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Bwari. Mo tan rédíò. Mo gbé e sókè. Mo ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè máa pariwo wọlé.

Mi ò ṣe é. Odindi oṣù mẹ́rin, mi ò ṣe nǹkan tí kò lè gba ìṣẹ́jú kan. Èmi tí mo ń yẹ íápíìsì gbogbo ilé iṣẹ́ wò! Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan mà á mú méjèèjì lọ́wọ́, mà á gbé ọwọ́ kan kọjá lórí èkejì níwájú ojú mi, mà á tún dá wọn padà síbi tí wọ́n máa ń wà. Bí mi ò bá tíì ṣe é, ó ṣì lè jẹ́ íápíìsì. Ohun tí mo dì mú nìyẹn. Nílé, mi ò gbà kí ibì kankan dákẹ́ mọ́. Fáànù gbọ́dọ̀ máa yí, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní mo ti ń pariwo jù tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo sì bá a jà lórí rẹ̀, ìjà gidi, títí ó fi dákẹ́ sí mi.

Ọmọ wa obìnrin ló wá dé láti yunifásítì. Abuja la bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sáré bá a wọlé. Ọ̀sán Sátidé kan, ìyá rẹ̀ kò sí nílé, wọ́n mú iná lọ, fáànù dúró, tẹlifíṣọ̀n kú. Àdúgbò wa tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Mo ti ń dìde láti lọ tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọmọ náà já wọlé pẹ̀lú páálí kékeré kan. Íápíìsì aláìníwáyà ni, ó ti ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ láti rà á.

"Daddy, ẹ jókòó, ẹ bá mi judge ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Ó jókòó sí apá òsì mi lórí àga gígùn. Kí n tó ṣe nǹkan kan, ó ti fi ọ̀kan sí etí tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi èkejì sí etí òsì mi, ó rọra yí i títí ó fi dúró. Lẹ́yìn náà ló tẹ orí ba fóònù rẹ̀.

Mo di ojú. Hùùùn. Mo dúró de orin. Hùùùn, ó fẹ̀, ó kún gbogbo apá ibẹ̀, fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lókè rẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Mi ò gbọ́ orin kankan. Mo ní lọ́kàn mi, ó ti tán, ó ti lọ pátápátá, orin ń lọ létí mi, n kò gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọmọ yìí ń wò mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí orin wọ̀ lára.

"Ó dára," ni mo wí. "Ohùn rẹ̀ mọ́. Báàsì rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀. Dín in kù, ẹni tó ń kọrin á jáde dáadáa."

Mo la ojú. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè fóònù, kò tíì kan án.

"Daddy," ó ní, "mi ò tíì play nǹkan kan o. Ó ṣì ń connect."

Ó na ọwọ́, ó yọ íápíìsì náà kúrò létí mi, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ariwo náà ò yí padà rárá. Ilé dákẹ́, ó wà níbẹ̀, ní apá òsì, nínú orí mi.

Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sọ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Mi ò gbọ́ ju pé ó sọ̀rọ̀ lọ. Mo yí ara mi padà, mo gbé etí ọ̀tún sún mọ́ ẹnu rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti ń bà mí.