Igẹ̀ Àgbò Tó Dí Fáànù Fíríìjì Wa

Fáànù inú fíríìjì wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ariwo náà dákẹ́ pátápátá, inú mi dùn, àṣé wàhálà ló dé. Òkè, níbi tí à ń kó ẹran sí, ṣì ń dì gbagidi, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá kan. Tòmátì tí mo rà bọ̀ láti Òwu-Ìsin ń rà lójú mi báyìí. Mo ní háà, ó tó gẹ́ẹ́!

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ló ra fíríìjì náà fún Màmá, òun náà ló ní kí wọ́n gbé sólà sórí òrùlé wa ní Òmù-Àrán níbí, kí omi tútù má bàa wọ́n ìyá òun. Láti ọjọ́ náà ló ti di fíríìjì àdúgbò. Ẹni tó bá ra ẹja tó pọ̀, ẹni tó bá lọ ata tó ṣẹ́kù, ilé wa ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Mo máa ń kùn. Màmá á kàn gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni mo máa ń tún nǹkan ṣe nílé wa. Mi ò kọ́ ọ níbì kankan o, mi ò kàn lè jókòó kí nǹkan máa yọ mí lẹ́nu kí n sì máa wò ó níran. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ṣí ilẹ̀kùn òkè. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, fáànù kì í yí, nítorí náà mo fi ìka tẹ bọ́tìnì kékeré tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ tí a bá pa á dé, mo sì tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ tó ń gbìyànjú. Ó kùn gbìì, ó dúró. Fáànù ò tíì kú nìyẹn, nǹkan ló dì í mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde, ẹja ẹlẹ́ja, ata aláta, títí mo fi dé ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀rá dúdú kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú pupa so lẹ́nu. Ó lẹ̀ mọ́ ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, yìnyín sì ti bo òun àti ihò náà pọ̀. Yìnyín yẹn ló wọlé lọ tó há apá fáànù mọ́lẹ̀.

Mo nawọ́ sí i.

“Má yọ ìyẹn!” Màmá ti dìde lórí àga. “Ìpín ọmọ ni.”

Ìyá ilé kejì ló ni ín. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ kan péré ni wọ́n bí, ọkùnrin, Èkó ló ń gbé. Iléyá tó kọjá, ọmọ náà ní òun ń bọ̀ wálé. Kò wá. Ìyá rẹ̀ gé igẹ̀ àgbò, ibi tó fẹ́ràn jù láti kékeré, wọ́n dín in, wọ́n so ó, wọ́n gbé e wá fún Màmá pé ọmọ àwọn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá. Ọmọ ní ó di ìgbà ìnáwó ẹbí wọn kan. Ó ní ó di ìparí ọdún. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè lórí fóònù ni ìyá rẹ̀ máa ń bọ́ sílé wa, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì: “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì wà?” Màmá á ní, “Ó wà digbí.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Iléyá mìíràn ti ń kanlẹ̀kùn báyìí o!

Inú bí mi. Mo ní, “Torí ẹran ẹyọ kan ni ọbẹ̀ mi fi ń kan? Ẹ jẹ́ kí n jù ú nù!”

Màmá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ìpín ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, lẹ́yìn ìyá rẹ̀? Lọ pè wọ́n wá.”

Wọ́n dé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mo fẹ́ pa fíríìjì, kí n ṣí i sílẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́. Mo ní kí wọ́n má mikàn, màá kó ẹran náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, tó bá di ọ̀la màá dá a padà, iwájú ni màá kàn gbé e sí. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n wo ọ̀rá dúdú náà títí.

“Ẹ jẹ́ kí n bi í ná,” ni wọ́n wí. “Bóyá ó ti kù díẹ̀ kó dé.”

Wọ́n tẹ fóònù, wọ́n fi í sí sípíkà torí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ọmọ gbé e. Wọ́n kí i, wọ́n kì í ní oríkì rẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Fíríìjì ẹ̀gbọ́n mi ló bàjẹ́ o. Mo ní kí n bi ọ́, ẹran rẹ ńkọ́?”

“Ẹran wo?”

“Igẹ̀ rẹ. Ti Iléyá.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ká sọ òtítọ́, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. “Háà, Màmá! Ẹ ṣì ń tọ́jú ìyẹn? Ẹ jẹ ẹ́, jàre. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, màá pè yín padà.”

Èmi àti Màmá ò lè wo ojú ara wa. Ìyá ilé kejì ki fóònù bọ àpò, wọ́n ní, “Ó ní ká jẹ ẹ́,” bí ẹni pé àwa ò gbọ́. Wọ́n fọwọ́ ara wọn fa ọ̀rá náà. Yìnyín ò fẹ́ fi í sílẹ̀, wọ́n ń fà á, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn fà á. Nírọ̀lẹ́ wọ́n gbé abọ́ kan wá. Ẹran náà ti gbẹ, kò ládùn, òórùn fíríìjì ló ń rùn. Màmá jẹ tiwọn tán. Èmi ò lè gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, fáànù yí, kò pariwo, atẹ́gùn tútù dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí n máa fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ìyá ilé kejì ò wá béèrè nǹkan kan mọ́. Mo máa ń gbọ́ tí fóònù wọn bá dún lẹ́yìn ògiri, màá gbọ́ tí wọ́n ń kí ọmọ wọn, màá wá máa retí ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Wọn kì í yọjú. Ó dùn mí dọ́kàn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kí ọbẹ̀ máa kan, ǹ bá máa se òmíràn lójoojúmọ́. Mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí màá bínú sí, èmi tí inú máa ń tètè bí.

Iléyá dé. Wọ́n pa àgbò, ọmọ ò wá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti pín ẹran ká àdúgbò, ilé wa ni wọ́n yà sí kẹ́yìn. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, mo ṣí i. Igẹ̀ ni, odindi. Mo dúpẹ́, mo kọrí sí ìdí fíríìjì bí mo ṣe máa ń ṣe.

“Má gbé e síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ẹ sè é lónìí. Kò sí ẹni tí à ń retí.”